Píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 kan l'Adátán, Abẹ́òkúta: bá a ṣe mọ iye tó tọ́ sí i

Iye mẹ́ta ni wọ́n ti pe píkọ́ọ̀pù yìí kí wọ́n tó pè mí sí i. Àwọn oníkọ́ńdẹ́mù ní àwọn á san ₦350,000, wọ́n á sì gbé e lọ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ láti ọ̀nà Ayétòrò wá sí Lafẹ́nwá ní òun á san ₦1,100,000. Àkọ́bí olóògbé tó ni mọ́tò, Houston ló wà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan bàbá òun, pé òun ti rí irú ẹ̀ lórí fóònù, ogójì ẹgbẹ̀rún dọ́là ni wọ́n ń pè é l'Ámẹ́ríkà. Mọ́tò kan náà o, ó wà lójú kan lábẹ́ igi máńgòrò, tàyà méjì ti yọ afẹ́fẹ́ tán.

Abigbẹ̀yìn ilé yẹn, tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, ló pè mí, torí iṣẹ́ tèmi ni kí n bá èèyàn wo mọ́tò kó tó rà á àbí kó tó tà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá bá wa dá sí i, ìjà mọ́tò yìí ti fẹ́ ju ìjà ilé lọ, Màmá ò sì rí oorun sùn." Màmá fúnra wọn, kí wọ́n ṣá gbé e kúrò lójú fèrèsé àwọn ni wọ́n ń wá, èyí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì ti lọ bá oníọ̀dà sọ̀rọ̀, wọ́n fẹ́ fi ₦250,000 kun ún pupa kí wọ́n tó gbé e sójà.

Ọ̀dà yẹn ni mo kọ́kọ́ dá dúró. Mo ní kí wọ́n má kun nǹkan kan. Ẹni tó bá mọ mọ́tò àtijọ́ dáadáa, tó bá rí ọ̀dà tuntun lára ẹ̀, ohun tí wọ́n fi ọ̀dà bò ló máa kọ́kọ́ bi ẹ́, ẹni tó sì fẹ́ fi kó ẹ̀gẹ́, kí ló kan án pẹ̀lú ọ̀dà, ẹ̀gẹ́ á hó gbogbo ẹ̀ kí oṣù tó parí. Nítorí náà ₦250,000 yẹn ò ní padà wá lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú àwọn méjèèjì. Inú ọmọkùnrin yẹn ò dùn, ó ti san àsansílẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi sílẹ̀.

Kí ẹni tí ò mọ 504 tó mọ ohun tá à ń sọ: Peugeot gbé 504 jáde ní 1968, ní 1969 wọ́n fi ṣe mọ́tò ọdún ní Yúróòpù. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ PAN (Peugeot Automobile Nigeria) bẹ̀rẹ̀ sí í to o pọ̀ ní Kàdúná, ìyẹn ló sọ ọ́ di mọ́tò ìjọba, mọ́tò tísà, mọ́tò èrò, gbogbo ẹ̀. Píkọ́ọ̀pù ẹ̀ dé lẹ́yìn, ní 1979. Sàlúùnù ẹ̀ ń lo kọ́ìlì sípíríǹgì lẹ́yìn, píkọ́ọ̀pù ní tiẹ̀ ń lo lífù sípíríǹgì, irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò lé ara wọn yẹn, òun ló jẹ́ kó lè gbé tó tọ́ọ̀nù kan lẹ́yìn láì jókòó sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ń dì sí i ní Lafẹ́nwá ju tọ́ọ̀nù kan lọ ṣá, gbogbo wa la mọ̀.

Ti bàbá yìí, mọ́tò ọ́fíìsì ìjọba kan ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n bọ́ọ̀dù ẹ̀ ní 1991, ìyẹn ni pé wọ́n yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n lè tà á, bàbá rà á lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo bèèrè ìwé, Màmá wọ inú yàrá, wọ́n gbé àpò náílọ́ọ̀nù kan jáde tí wọ́n fi rọ́bà dè, ọmọ wọn kankan ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀: lẹ́tà tí ọ́fíìsì yẹn fi tà á fún bàbá, rìsíìtì owó tí bàbá san, pátíkúlà ọdún lọ́dún, àti ìwé nọ́ńbà àtijọ́, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú OG kí ìjọba àpapọ̀ tó yí nọ́ńbà gbogbo mọ́tò padà ní 1992. Mo jókòó lórí páàkó kan mo kà wọ́n tán kí n tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Àwọn ọmọ yẹn rò pé mò ń fi àkókò ṣòfò. Ọ̀pọ̀ 504 tó wà nígboro, ẹni tó ń wà á ò lè sọ ẹni tó ni ín lẹ́yìn ẹni méjì sẹ́yìn, ìwé ẹ̀ ti sọnù, wọ́n ti lọ búra ní kóòtù pé ó sọnù, wọ́n tún ti sọ àfídáfíìtì náà nù. Èyí tí ìwé ẹ̀ pé láti ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ni ín, kò wọ́pọ̀ rárá.

Ìgbà tí mo wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà ṣáṣíì bá ìwé mu, kò sí ibi tí wọ́n ti ha á àbí tí wọ́n tún un tẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé sọ pé ẹ́ńjìnnì 1796 sísì (cc, bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó) ni, XM7 tá à ń pè ní 1.8, ohun tí mo sì ń wò níwájú mi yìí XN1 ni, 1971 sísì, irú èyí tó máa ń wà nínú Peugeot 505. Ẹnì kan ti yọ ẹ́ńjìnnì ẹ̀, wọ́n ti gbé ti 505 sí i. Kì í ṣe nǹkan tuntun, àwọn mẹkáníìkì wa ti ń ṣe é tipẹ́, ó jókòó dáadáa, ó sì lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ wá wo bọ́rọ̀ ṣe yí padà níbẹ̀. Lójú ọkùnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, ìyẹn ṣe dáadáa fún mọ́tò, ó tiẹ̀ ní torí ẹ̀ lòun ṣe pe mílíọ̀nù kan àti ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, pé á fà á gun òkè. Lójú ẹni tó ń wá mọ́tò àtijọ́ kó lè wà bí wọ́n ṣe ṣe é, ìbàjẹ́ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ̀yìn ẹ̀: wẹ́dà kan ti fi irin áńgù ro ó yípo, wọ́n ṣe àgò irin gíga lé e lórí, wọ́n fi irin nípọn pààrọ̀ ilẹ̀ ẹ̀. Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ gbá a lọ́wọ́, ó ní "Èyí gan-an ni!" Ẹlòmíì á wò ó, á ṣírò iye tó máa san fẹ́ni tó máa gé gbogbo ẹ̀ kúrò. Ọ̀dà àtilẹ̀wá tó ti ṣá yẹn náà, tí àwọn ọmọ ń tijú ẹ̀, òun ni ẹni tó ń wá mọ́tò àtijọ́ máa fi ọwọ́ pa lára. Ìdí nìyí tí mi ò kì í dáhùn tẹ́nì kan bá fi fọ́tò ránṣẹ́ pé "Bọ̀ọ̀dá, èló ni?" Tá ló fẹ́ rà á? Kí ló fẹ́ fi ṣe? Láìsí ìdáhùn ìyẹn, irọ́ ni gbogbo iye tí mo bá pè.

Mo yẹ ara ẹ̀ wò. Mágínẹ́ẹ̀tì tí mo fi aṣọ wé ni mo máa ń lò, kó má baà ha ọ̀dà, mo fà á láti etí iná iwájú dé ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn. Ibi tó bá ti kọ̀ tí kò lẹ̀, fílà, ohun tí wọ́n fi ń dí ibi tí irin ti jẹ kí wọ́n tó kun ọ̀dà, ló wà níbẹ̀, kì í ṣe irin. Fẹ́ńdà apá òsì kún fún fílà, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn méjèèjì náà ní díẹ̀, ó yẹ bẹ́ẹ̀ fún mọ́tò tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń wá gan-an wà lábẹ́, ibi tí lífù sípíríǹgì ti so mọ́ irin ṣáṣíì, torí tí ibẹ̀ bá ti dógùn-ún wọnú, ẹ kúkú pe oníkọ́ńdẹ́mù padà. Mo dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú sikirudíráfà, mo gún un káàkiri. Irin ibẹ̀ le. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ dírẹ́bà ti lu díẹ̀, ìyẹn ò ju iṣẹ́ wẹ́dà ọjọ́ kan lọ.

A yá bátìrì, a fi ìgò ta epo sí kabúrétọ̀ tààrà torí mi ò gba tánkì tó ti gbẹ gbọ́. Ó pariwo, ó kọ̀, ó tún kọ̀, ó jí. Èéfín búlúù rú jáde, gbogbo àdúgbò mọ̀ pé a dé, lẹ́yìn náà ó mọ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n kò tán. Mo wọn kọ́mpíréṣọ̀n, ìyẹn agbára tí síléńdà kọ̀ọ̀kan fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, síléńdà kẹta rẹlẹ̀ gan-an sí àwọn tó kù. Ẹ́ńjìnnì á ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹni tó rà á fún iṣẹ́ máa tú u láìpẹ́.

Ibi tí mo ti ń nu ọwọ́ ni Màmá ti sọ ọ̀rọ̀ kan bí ẹni tí kò sọ nǹkan. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ ò ní bá mi gbé èyí tó wà lẹ́yìn búkà náà lọ ni? Bàbá wọn ò jẹ́ kí n tà á." Mo ní èwo? A lọ sẹ́yìn. Abẹ́ páànù àlòkù àti àpò sìmẹ́ńtì ni ẹ́ńjìnnì kan wà, bàbá fi gíríìsì kùn ún, wọ́n fi tapolín wé e. Mo fi kẹrosíìn fọ ibi tí nọ́ńbà ẹ̀ wà. XM7. Nọ́ńbà tó wà nínú ìwé yẹn gẹ́lẹ́. Ọmọkùnrin ilé náà ní òun ti fẹ́ tà á fún àwọn mallam oníkọ́ńdẹ́mù ní ₦40,000 lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọn ò mú tírọ́ọ̀kù wá lásán ni.

Ó kù ká ṣírò. Ti oníkọ́ńdẹ́mù rọrùn, ìwọ̀n ni wọ́n ń rà. Wọ́n ń gba irin ní bíi ₦400 kílò lásìkò yẹn ládùúgbò wa, tẹ́ ẹ bá yọ gíláàsì, tàyà, fóòmù àga kúrò, irin tó kù lára píkọ́ọ̀pù 504 á sún mọ́ tọ́ọ̀nù kan, wọ́n yọ èrè àti owó tírọ́ọ̀kù, ₦350,000 kù. Wọn ò rẹ́ wa jẹ. Ìsàlẹ̀ pátápátá nìyẹn, mọ́tò tó bá ṣì lè dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ kò yẹ kó wálẹ̀ jù ú lọ.

Ti ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, epo ló ń ṣírò kó tó ṣírò mọ́tò. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní Mèé 2023, ẹ́ńjìnnì 2.0 oníkabúrétọ̀ ti di ẹrù fún ẹni tó ń lọ Ayétòrò tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n náírà tó já wálẹ̀ lọ́dún yẹn náà ti gbé tokunbo kúrò níbi tọ́wọ́ ẹ̀ lè tó, ó tún wá padà sórí èyí tó wà nílẹ̀. Nǹkan méjì yìí ń fa owó ẹ̀, ọ̀kan sókè, ọ̀kan sísàlẹ̀. Mo bá a jókòó, a jọ ṣírò àtúnṣe síléńdà, tàyà mẹ́rin, bíréèkì, mo rí i pé ₦1,100,000 tó pè yẹn ó fẹ́ ẹ̀ jẹ́ òpin agbára ẹ̀. Kò ní kọjá ₦1,200,000, kì í ṣe ahun, owó tí mọ́tò yẹn máa pa fún un ló ní kó má kọjá ibẹ̀.

Ẹni kẹta ni mo wá. Ọkùnrin kan n'Íbàdàn tó máa ń yá àwọn tó ń ṣe fíìmù ní mọ́tò àtijọ́, àti àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò. Irú àwọn yìí, mo máa ń bẹ̀rẹ̀ ìṣirò wọn láti òpin wá sẹ́yìn. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti tà, kì í ṣe àwọn tó ń pe owó o, pé èló ni 504 píkọ́ọ̀pù tó dára tí ìwé ẹ̀ pé fi kúrò lọ́wọ́ yín? Ọ̀rọ̀ wọn kó ara jọ sí bíi ₦3,400,000. Mo wá yọ ohun tó máa gbà kí tiwa tó dé ibẹ̀: panẹ́ẹ̀lì bítà, ọ̀dà, àga, tàyà, wáyà, àti títú XM7 yẹn kí wọ́n tó dá a padà sáyè ẹ̀. Ó lọ sí ₦1,500,000. Tí wọn ò bá rí ẹ́ńjìnnì àtilẹ̀wá yẹn, ₦1,400,000 ni ǹ bá sọ fún wọn, torí ọkùnrin yẹn máa ní láti wá òmíì, òmíì náà ò sì ní bá ìwé mu láéláé. Pẹ̀lú ẹ̀ àti àpò náílọ́ọ̀nù Màmá, mo kọ ₦1,900,000 sílẹ̀.

Ó wá ku Houston. A pè é lórí fídíò, gbogbo wọn pé jọ sí pálọ̀. Ó ti dàgbà jù mí lọ, mo fi sùúrù bá a sọ ọ́. Ó fi mọ́tò méjì tó rí hàn wá. Àkọ́kọ́, Chevrolet C10, 1972. Mo ní, Bọ̀ọ̀dá, mọ́tò yìí àti ti Bàbá ò bára tan. C10 láti 1967 dé 1972, àwọn ará Amẹ́ríkà ń wá a lójú méjèèjì, ilé bàbá wọn ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, wọ́n ṣì ń ṣe bọ́dì ẹ̀ tuntun títí dòní, tí fẹ́ńdà ẹ̀ bá jẹrà o lè ra òmíì nínú páálí. 504 píkọ́ọ̀pù, wọn ò tà á níbẹ̀ rárá, ta ló máa rántí ẹ̀? Ìkejì ló dùn ún jù, torí 504 ni lóòótọ́, ní Faransé, wọ́n pè é ní owó yúrò ńlá. Mo ní kó jẹ́ kí fọ́tò ẹ̀ tóbi. Ó ga nílẹ̀, ó ní àkísù níwájú. Dangel ni, ilé iṣẹ́ kan ní Faransé tó máa ń sọ Peugeot di fóò-wíìlì, tí ẹ́ńjìnnì á máa yí tàyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìyẹn ò pọ̀ láyé, òun ni wọ́n ń sanwó fún.

Mo tún fi kún un pé iye tí wọ́n kọ sára mọ́tò, ohun tó wu olówó ẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọ̀ wọn níbẹ̀, àwọn ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò ní gbàǹjo lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, bíi Bring a Trailer, máa ń fi iye tí wọ́n tà á gan-an sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti rí, kó lọ wo ìyẹn, kó sì fi ipò mọ́tò wé ipò mọ́tò. Àwọn Hagerty tó ń ṣe ìwé iye mọ́tò àtijọ́, ipò mẹ́rin ni wọ́n pín in sí, 1 ni èyí tó dára ju ìgbà tó jáde ní ilé iṣẹ́ lọ, 4 ni èyí tó ń rìn tó sì ní àléébù tójú ń rí. Ti Bàbá ò tíì wọ 4, torí kò rìn.

Ó ní kò burú, kí wọ́n gbé e wá bá òun nígbà yẹn. Òfin gbà á o, mọ́tò tó bá ti lé ní ọdún 25 lè wọ Amẹ́ríkà láìsí wàhálà ìlànà ààbò wọn, apá òsì sì ni sitiaríǹgì ẹ̀ wà torí láti Épírì 1972 la ti ń gba ọwọ́ ọ̀tún ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ojú omi nìkan ju mọ́tò lọ. Mo wá ní, "Bọ̀ọ̀dá, tó bá tó bẹ́ẹ̀ lójú yín, ẹ jẹ́ kẹ́ ẹ rà á. Ẹ san ìpín àwọn àbúrò yín nínú ₦1,900,000, kẹ́ ẹ sì wá ibi tó máa wà." Ó bèèrè pé èló nìyẹn ní dọ́là. Dọ́là ń lọ ní bíi ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà nígbà yẹn ní 2024, gbogbo mọ́tò ò ju bíi 1,270 dọ́là lọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn ò tó rẹ́ǹtì òun oṣù kan. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kí wọ́n tà á.

Ará Ìbàdàn wá wò ó fúnra ẹ̀, ó mú mẹkáníìkì tiẹ̀ wá, mo fẹ́ràn ìyẹn. Orí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn búkà ló pẹ́ sí jù. Ó yọ ₦50,000 nítorí fẹ́ńdà òsì, wọ́n parí ẹ̀ sí ₦1,850,000. Gbogbo àwọn ọmọ buwọ́ lùwé, ti Houston fi lẹ́tà tiẹ̀ ránṣẹ́, wọ́n ṣe àfídáfíìtì ní kóòtù Ìṣàbọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà yọjú lọ́la pé òun náà jẹ́ ọmọ, wọ́n tó gbé owó sílẹ̀.

Àgò irin àti XN1 ò sí nínú ohun tó rà, ó ní kí wọ́n bá òun tú wọn kúrò kí tírọ́ọ̀kù tó dé. Mo pe ọkùnrin ẹlẹ́gẹ̀ẹ́. Ó ti ní 504 píkọ́ọ̀pù kan nílé tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ti kú, ó kó méjèèjì ní ₦380,000, ó ní òun á tún síléńdà kẹta yẹn ṣe fúnra òun. Owó yẹn ni wọ́n fi sanwó wẹ́dà àti owó iṣẹ́ mi, ìyókù bọ́ sọ́wọ́ Màmá.